Iná Tí Wọ́n Ń Tàn De Wilf

Atúnẹ̀rọṣe dé ìdérí ẹ̀rọ amúlégbóná náà padà, ó nu ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ìyá àgbà yìí máa pè é lọ́sẹ̀ yìí, pé ilé òun tún ti tutù.

"Kò sóhun tó ṣe é, Màmá."

"Kò sóhun tó ṣe é, ó sì ń kú ṣáá! Ṣé èmi ni mò ń pa á ni? Mu tíì rẹ jàre, kó tó di yìnyín."

Ó gbé ife tíì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Fìtílà onígílóòbù àtijọ́ kan ń jó lójú fèrèsé, ooru rẹ̀ ń fẹ́ lu nǹkan kékeré ara ògiri tó ń wọn bí ilé ṣe gbóná tó, tó sì ń pa ẹ̀rọ tílé bá ti gbóná.

"Fìtílà yín ló ń parọ́ fún ẹ̀rọ, Màmá! Ó ń rò pé gbogbo ilé ló ti gbóná. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sí pálọ̀."

"Ibẹ̀ ni Wilf ọkọ mi ti máa ń rí i tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì."

"Ṣé wọ́n máa pẹ́ dé lónìí ni?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Atúnẹ̀rọṣe gbé fìtílà lọ sí pálọ̀. Kò pẹ́ tí ilé fi gbóná dáadáa. Bó ṣe ń jáde, ó rí kóòtù ọkùnrin kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eruku ti bo èjìká rẹ̀.

Nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Fìtílà ti padà sójú fèrèsé. Ìyá àgbà jókòó tì í, ó wọ kóòtù náà, ó sì ti de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.