Ẹ Gbé Ahọ́n Sókè

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni ìyàwó Bàbá kú.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti kẹ̀yìn sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ní òun ò rí ohun tí òun tún ń dúró ṣe láyé.

Àmọ́ obìnrin tó gbé ife omi dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ yìí kì í gba gbẹ̀rẹ́.

"Ẹ gbé e mì, Bàbá."

"Mo ti gbé e mì."

"Ẹ lanu. Ẹ gbé ahọ́n sókè. Ẹ̀hẹ́n! Àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò!"

"Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni?"

"Wèrè tó ń lo oògùn sàn ju ọlọ́gbọ́n tó ń wá ikú kiri lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mu omi."

Bàbá ráhùn, ó pòṣé, ó gbé e mì.

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó máa ń lọ tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ nílé wọn, kò fi ohun púpọ̀ sílẹ̀: bàtà funfun, agboòrùn tó ti ṣẹ́ lápá kan, ọkọ olóríkunkun, àti obìnrin yìí, aláìsàn rẹ̀, tó gé e níka jẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà láti lo oògùn.