Iṣẹ́ Ayọ̀ Tí Mildred Kò Jẹ́

Mildred ará Igbódìgò kì í jalè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì sẹ́ni tó rí i kó bá ọkọ rẹ̀ jà rí. Owú ni àbùkù rẹ̀. Kò lè fara da kí ayọ̀ kọjá níwájú ilé tirẹ̀ kó lọ yà sí ilé ẹlòmíràn, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ilé ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wọn, Aníwúrà, bí. Mildred ni ẹ̀gbọ́n. Ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí ti ìyá rẹ̀, ó sì ti bí ọmọ mẹ́rin. Bó bá ti lọ sọ́jà, Aníwúrà ni ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ náà, òun ni ń ro púpúrú fún wọn jẹ. Dora, àbúrò, wà ní Igbótako lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, Olúsànyà, tí ń la pákó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, Dora kò sì tíì fi inú ṣoyún. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Aníwúrà a máa dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a bẹ ìjọ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún Dora. Mildred tó jókòó tì í a sì máa ṣe àmín.

Ní ọdún 1963, Mildred gbé aṣọ lọ tà ní ọjà Igbótako, ó sì yà kí àbúrò rẹ̀. Dora fà á wọ yàrá.

"Àǹtí, Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Mo ti lóyún."

"Ìwọ Dora?"

"Èmi náà ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ìyé, ìyá wa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Kí wọ́n wá bá mi bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá kù díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mildred dì mọ́ ọn, ó ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Bóyá ó tilẹ̀ fẹ́ jẹ́ ẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó bá ìyá rẹ̀ tó pọn àbíkẹ́yìn Mildred sẹ́yìn, tó ń kọrin fún un. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí Dora bá bímọ, Igbótako ni ìyá yóò lọ gbé. Ta ni yóò wá máa pọn tèmi? Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, kò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mildred kò fi tọmọ jẹ́ ẹ, kò sì fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Nígbà tó tún dé Igbótako, Dora bi í pé, "Kí ni Ìyé wí?"

"Inú wọn dùn. Wọ́n kàn ní iṣẹ́ oko ti pọ̀ jù, àwọn ò lè ṣèlérí pé àwọn á wá."

Dora tún bi í pé, "Wọn ò fi nǹkan kan rán yín sí mi?"

"Wọ́n ní kí n kí ọ."

Ìrọbí Dora le. Ìyá rẹ̀ ló ń pè, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi bí ọmọkùnrin. Olúsànyà fẹ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún àna rẹ̀ fúnra rẹ̀, Mildred dá a dúró. Ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ilé náà kúkú ni mò ń lọ." Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun nìkan ló dé. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun ìyá àwọn. Àwọn ará ilé ọkọ wo ara wọn lójú. Dora gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó sunkún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Aníwúrà tún dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ ìjọ pé kí ó má tíì sú wọn, kí wọ́n bá òun ké pe Ọlọ́run nítorí Dora. Mildred ṣe àmín.

Oyún kò ṣeé fọwọ́ bò, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ tó ti ń ké. Mọ̀dínátù, obìnrin Igbótako kan tó ń kiri ẹja gbígbẹ, gba ẹnu ọ̀nà Aníwúrà kọjá, ó sì kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyá, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó."

"Ọmọ wo? Mọ̀dínátù, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Háà! Èyí tí Dora bí ń kọ́? Ọmọ náà jọ yín gan-an ni."

Aníwúrà kò bèèrè ohun mìíràn. Ó wọ bọ́lẹ́kájà tó kọ́kọ́ kọjá. Nígbà tó dé Igbótako, Dora kò dìde.

"Ẹsẹ̀ yín ti wá san?"

"Ẹsẹ̀ wo?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Dora, àárọ̀ yìí ni mo gbọ́ pé o lóyún, àárọ̀ yìí náà ni mo gbọ́ pé o ti bí."

Ó yé àwọn méjèèjì. Dora gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì jọ sunkún.

Aníwúrà padà sílé láti wá kó ẹrù rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Mildred.

"Mildred, ọjọ́ Ìsinmi mélòó lo jókòó tì mí, tí ò ń ṣe àmín?"

Mildred kúnlẹ̀.

"Mi ò ní gégùn-ún fún ọ, ọmọ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, mi ò lè gbà á gbọ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó tàn ká. Kò sẹ́ni tó tún rán Mildred níṣẹ́. Bó bá ní òjò ń rọ̀, wọn á kọ́kọ́ yọjú wo ìta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń dàgbà lé e lórí.

Olúwakẹ́mi, àkọ́bí rẹ̀, lọ sílé ọkọ ní Ìlútitun ní ọdún 1972. Lọ́dún kejì, Mildred ná ọjà dé ibẹ̀, ó sì kan ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń ra iṣu. Ikùn Olúwakẹ́mi ti yọ síwájú gan-an.

"Ta ló ti gbọ́ nípa èyí?" ni Mildred bèèrè.

Olúwakẹ́mi kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà ti gbọ́, Màmá. Àǹtí Dora náà ti gbọ́, àwọn ni wọ́n máa wá wẹ ọmọ fún mi. Ẹ má bínú. Mo ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún yín ni."

Mildred fà á dìde. Ó bá a san owó iṣu náà, ó wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbódìgò, ó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ kì í ṣe ti ẹni tí a fi rán. Ti ẹni tó ni ín ni, àti ti ẹni tó ń fi omijé retí rẹ̀. Ayọ̀ ọmọ ìyá ẹni kì í dín tẹni kù, ìlara ló ń sọ fún wa pé ó dín in kù. Bí a bá fún yín ní ọ̀rọ̀ rere gbé lọ, ẹ tètè gbé e dé ibi tó ń lọ. Ẹni tí a kò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́, bó tilẹ̀ ń gbé láàárín ẹbí, àlejò ló jẹ́.