Ojú-Ewé Tó Ń Wo Egbò

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń polówó ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ ọ̀rọ̀ sórí wẹ́búsáìtì àwọn oníṣòwò. Á kọ́kọ́ wádìí ohun tí àwọn èèyàn máa ń tẹ̀ sínú íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ń wá nǹkan, á wá fi ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kọ ojú-ewé, kí ọjà oníbàárà rẹ̀ lè jáde ṣáájú ti àwọn yòókù. Ojú-Ewé-Kìíní ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí ibẹ̀ ló máa ń búra pé òun á gbé èèyàn sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ aránbàtà. Kì í rán bàtà oge. Àwọn alátọ̀gbẹ tí egbò ẹsẹ̀ wọn ti jinná ló ń rán bàtà fún, bàtà tí inú rẹ̀ rọ̀, tí kò sí okùn tàbí awọ líle níbẹ̀ tó lè ha ẹsẹ̀, kí egbò mìíràn má bàa yọ. Tó bá rán ọ̀kan tán, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á dijú, á máa fi ìka wá ibi tó bá le. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú.

Nígbà tó yá, ọjà kò yá mọ́. Ó bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó bá òun wá oníbàárà ní ìlú kan lókè òkun, ní èdè àwọn ará ibẹ̀.

“Orúkọ mi ni mo gbé lé ẹ lọ́wọ́ yẹn o,” ló wí. “Mi ò ní òmíràn.”

Àbúrò ní kó fọkàn balẹ̀.

Àbúrò yìí kò gbọ́ èdè náà. Ẹ̀rọ ló ń bá a túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tó dàgbà sílùú àwọn èèyàn yẹn, ló máa ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ kankan lò, Ìyá Ìbejì á tẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, á ka gbogbo ohun tó bá jáde, á wá sọ irú ẹni tó ń wá a àti ohun tí onítọ̀hún fẹ́. Ó máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Á bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, á máa mi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bó ṣe ń kà.

Àwọn tó ń wá bàtà alátọ̀gbẹ kò pọ̀ rárá. Àwọn tó ń wá ìwòsàn egbò ẹsẹ̀ ló pọ̀ bí omi. Ojú-Ewé-Kìíní ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ nìyẹn.

“Egbò ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn wọ̀nyí,” Ìyá Ìbejì sọ. “Dókítà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe bàtà.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé ná. Tí wọ́n bá wọlé, wọ́n á rí bàtà.”

“Kí lo máa wá sọ pé bàtà náà ń ṣe?”

“Ẹ̀yin náà ti fẹ́ràn àlàyé jù, Ìyá Ìbejì.”

Ó lọ sọ fún ọ̀gá wọn pé àyẹ̀wò Ìyá Ìbejì ń dá iṣẹ́ dúró, ọ̀gá sì gbà. Láti ọjọ́ náà, kò fi ojú-ewé kankan han Ìyá Ìbejì mọ́. Ó kọ ọ́ pé bàtà ẹ̀gbọ́n òun ń wo egbò ẹsẹ̀ sàn.

Kò pẹ́ tí ojú-ewé náà fi gòkè. Ẹ̀gbọ́n ra ẹ̀rọ ìránbàtà tuntun, ó gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Àbúrò ń fi ìlà tó ń ka iye àwọn tó ń wo ojú-ewé náà, bó ṣe ń gòkè lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, han gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí ẹnì kan fi sọ fún un pé kó rọra, àjà ilé kò jìnnà mọ́.

Ní ọ̀sán kan, obìnrin kan pe ẹ̀gbọ́n láti òkè òkun, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀ ju ẹkún náà lọ. Ó gbé fóònù lọ sí ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀, Ìyá Ìbejì sì bá wọn pe obìnrin náà padà.

Ìyá Ìbejì ń túmọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní bàbá obìnrin náà ní egbò lẹ́sẹ̀. Bàbá ka ojú-ewé yẹn, ó ra bàtà, kò lọ wẹ egbò ní ọsibítù mọ́. Ó ń wọ bàtà náà lé egbò lórí, ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé ó ti ń san. Kí wọ́n tó mọ̀, egbò ti dé eegun. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó sọ ohun tó kọ fún àwọn èèyàn náà, ní èdè tí òun gbọ́. Ó sọ ọ́.

“Ṣé bàtà mi ń wo egbò?”

Àbúrò yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Ìwọ ni mò ń bi.”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi.”

“O sì mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo mọ́ ọn. Ó ti ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó tún yọ ọ́ jáde, kò mú nǹkan kan.

Wọ́n pa ojú-ewé náà rẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ti kọ ìtàn bàbá rẹ̀ síta pẹ̀lú orúkọ aránbàtà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń pín in kiri. Ẹni tó bá ti tẹ orúkọ náà báyìí, ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ló máa rí. Àbúrò kọ ojú-ewé lóríṣiríṣi láti bò ó mọ́lẹ̀, kò ràn án. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Abẹ́ aránbàtà mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, orúkọ ẹni yẹn ló sì ń wà lára bàtà tó bá rán.

Bàtà tó fi orúkọ tirẹ̀ rán kẹ́yìn, ẹyọ kan ni, fún ẹsẹ̀ tó kù fún bàbá náà. Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà láìtú u.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìlú tí ẹ kò dé, ní èdè tí ẹ kò gbọ́, ó lè jẹ́ pé ìrora ló ń tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ kò bá mọ ohun tó ń wá, ẹ bi ẹni tó mọ̀. Tí ẹ bá mọ̀, tí ọjà yín kò sì lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́.