Bátìrì Tírélà Lórí Tábìlì Aránṣọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á parí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbé bátìrì pamọ́ sínú ilé.

1. Awakọ̀ tírélà kan wà, Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún un tí kò ní ti mọ̀. Nígbà tí òjò ba ọ̀nà jẹ́, tí ọkọ̀ dúró, ó tú bátìrì méjèèjì wálé, ó sì gbé ọ̀kan ka orí tábìlì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ránṣọ. Tábìlì kò gba méjì, ló bá ju èkejì sílẹ̀ símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá wọn, orí tábìlì mi kẹ̀?"

"Ilẹ̀ símẹ́ńtì máa ń fa agbára bátìrì. O ò mọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní irọ́ ni. Ó ní ìdọ̀tí àti àìṣájì ló ń pa á."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ wa tírélà rí ni?"

2. Orí bátìrì náà ti bu bíi búrẹ́dì àtijọ́. Táwẹ́ẹ̀lì tí ìyàwó fi ń nujú ni ọkùnrin yìí fi nù ún! Ẹ gbọ́ ìwà ọ̀bùn. Kàkà kó fi omi bátìrì kún un, ásíìdì ló dà sí i, ó ní ìyẹn ló ń jí i. Ó ti fèrèsé pa kí atẹ́gùn má bàa gbé agbára lọ, ó sì ki iná bọ̀ ọ́ láti ṣájì rẹ̀. Bátìrì ń hó, yàrá ń rùn bí ẹyin tó ti rà. Òórùn yẹn wọ aṣọ oníbàárà. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun ìyàwó mọ́. Ó kórìíra òórùn náà, ó sì ti ń kórìíra ẹni tó gbé e wálé.

"Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ní atẹ́gùn tó ń jáde lára ẹ̀ máa ń gbiná. Ojú yín lẹ fi ń jẹun o!"

"Mo ti mọ̀."

3. Ẹ mọ àṣà burúkú tó wà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ kan: wọ́n á fi sípánà kan orí méjèèjì tó wà lára bátìrì kan pọ̀ láti wò ó bóyá á ta iná. Mo-Ti-Mọ̀ gbé ojú sún mọ́ èyí tó wà lórí tábìlì, ó fi sípánà kàn án. Iná ta lóòótọ́. Bátìrì bú gbàù! Ásíìdì fọ́n sí i lójú.

Ìyàwó sáré da omi sí i lójú, omi lórí omi. Ó ń sunkún, ó sì ń bú u. Síbẹ̀, ojú ọ̀tún fọ́. Òjìji nìkan ni tòsì ń rí.

4. Nígbà tí ọ̀nà gbẹ, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ gbé tírélà fún awakọ̀ mìíràn. Mo-Ti-Mọ̀ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bi ìyàwó rẹ̀ léèrè:

"Wọ́n ra bátìrì tuntun ni?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rà, dípò èyí tó bú. Èkejì ni èyí tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ símẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n mi nù ún, ó fi omi bátìrì kún un, ó ṣájì ẹ̀ níta gbangba."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Mo-Ti-Mọ̀ ní òun kò mọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣájì bátìrì nínú yàrá tí ẹ tì pa. Ẹ má fi sípánà dán an wò. Ìgbéraga tó ń rùn tó báyìí, ẹ gbé e jáde nílé yín kíákíá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.