Àwo Tó Ń Mọ́ Tónítóní

Dókítà ṣí àwo oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá arúgbó, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ ti tán, ẹja ti tán, àwo ń dán bíi pé ológbò ló lá a.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ ò rí i ni?" Bàbá nu ọ̀rá kúrò lẹ́nu.

"Kí ló wá dé tí ṣúgà yín ṣì ń lọ sókè? Torí kí ilé ìwòsàn lè máa se oúnjẹ yìí fún yín ni mo ṣe bá àwọn ọ̀gá mi wọ̀yá ìjà. Mo ní aláìsàn ò lè máa jẹ ìjẹkújẹ, kó tún máa gbé oògùn mì lé e lórí."

Ìyàwó bàbá, tó ń sùn tì í ní wọ́ọ̀dù látọjọ́ tí wọ́n ti dé, tẹjú mọ́lẹ̀. Abọ́ ẹran díndín tí ọmọ wọn máa ń gbé wá fún màmá láti ilé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà ti ṣófo.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Oúnjẹ náà ò ṣiṣẹ́. Màá ní kí wọ́n dá a dúró lọ́la."

Kó tó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, fìrì, màmá ti sáré dé ibẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i.

"Dókítà mi, ẹ dákun, ẹ má dá a dúró! Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa!"

Dókítà wo màmá. Ó wo ọ̀pá tí màmá fi ń tiro wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dé, tó fara ti ògiri.

"Dókítà," ni bàbá wí látorí bẹ́ẹ̀dì, "ẹ bá mi gbé ọ̀pá yẹn wá. Mo fẹ́ lọ tọ̀."