Málọmọ́ Inú Òkun

Agogo ìkìlọ̀ ara àwọ̀n Ẹbíṣemijú figbe ta láàárọ̀: ekurá, ẹja ńlá eléyín mímú inú òkun, ti há. Ó fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n náà bí òfin tó ń dáàbò bo ekurá ṣe wí, ó bẹ́ sómi, ó ń ti ẹja náà síwájú, torí ekurá tí kò bá rìn kò lè mí.

Ìyá rẹ̀ pè é láti ilé sórí ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀. Gbogbo ìdílé ló ní ekurá tí wọ́n gbà tọ́, tí wọ́n sọ lórúkọ àbíkú. Tìyá ni eléyìí.

"Ṣé Málọmọ́ ti mira?"

"Rárá, Ìyá. Ó ń rọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Má fi sílẹ̀."

Apá ti kú mọ́ ọn lára kí ìrù ẹja náà tó gbá a láyà, tí ẹja náà sì wọ ibú lọ. "Ó ti lúwẹ̀ẹ́ lọ, Ìyá."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Nígbà èwe mi, lẹbẹ wọn ni mo ń gé tà. N kò mọ orúkọ ìkankan."