Rọ́ọ̀kì Nílé Adìẹ

"Ẹ kó ẹrù yín, Bàbá Ṣítù! Ọdẹ wo ló ń ṣọ́ ẹyin tí ẹyin ń dín lójoojúmọ́?"

Alhaja ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú ilé adìẹ wọn ní Lálúpọn. Omijé ti bọ́ lójú Bàbá. Ẹ̀rí ọkàn wá ń gún ọmọṣẹ́ Alhaja tó ń tọ́jú adìẹ, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí abẹ́rẹ́, torí ó dá a lójú pé òun lòun fà á. Àtọjọ́ tó ti gbé sípíkà wọlé, tó ń gbọ́ rọ́ọ̀kì àtijọ́ àwọn òyìnbó onírun gígùn, ni ẹyin ti ń dín. Àwọn adìẹ ò kàn lẹ́nu tí wọ́n á fi fẹjọ́ ẹ̀ sùn ni.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Alhaja, èmi ni! Orin mi ni ò jẹ́ kí àwọn adìẹ yé ẹyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé Bàbá."

"Orin kẹ̀? Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́!"

Ó tẹ álíbọ́ọ̀mù kan. Jìtá figbe ta. Alhaja fọwọ́ di etí.

"Yéè! Bí ẹ̀rọ gàrí tí epo tán nínú ẹ̀! Abájọ!"

"Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn," ni Bàbá wí, wọ́n nu ojú. "Fi èyí tó o máa ń gbọ́ láàárọ̀ sí i. Onílù yẹn kì í ṣèèyàn."

Ó fi sí i. Alhaja ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n Bàbá ò gbọ́ mọ́. Wọ́n ti dijú, wọ́n ń ju orí síwá sẹ́yìn tẹ̀lé ìlù, títí fìlà fi ré bọ́ lórí wọn, tí ẹyin mẹ́ta tó wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé e, tó fọ́ yányán sórí bàtà Alhaja.